Fáìlì Rẹ̀ Mọ́ Tónítóní

Bí ọlọ́pàá bá ṣe aburú débi tí rédíò àti ìwé ìròyìn fi gbé e, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀gá máa ń béèrè ni fáìlì rẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ irú ẹni tó ti jẹ́ bọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣe akọ̀wé ní teṣan, tí mo tún fi wà ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń to ìwé ẹjọ́ àwọn ọlọ́pàá tó ṣẹ̀, mi ò rí fáìlì kan tó dọ̀tí kí ọ̀rọ̀ tó dójú ẹ̀. Ẹni tó ti fọ́ ọmọ ọlọ́mọ létí ní gbogbo teṣan tí wọ́n gbé e dé, fáìlì rẹ̀ mọ́. Ẹni tí àwọn ọlọ́kadà láti Sáńgò dé Gẹ̀rí Àlímì ti fún lórúkọ ìnagijẹ, fáìlì rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ń fi okùn dì wọ́n, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀: lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́, ìwé ìgbéga, ìwé ìsinmi, àti fọ́tò páàsípọ́ọ̀tù tó ti ń pọ́n.

Bí fáìlì ṣe ń mọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ Ìgbómìnà ni mí, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, ibẹ̀ náà ni mo sì ti fẹ̀yìn tì ní ìnsípẹ́kítọ̀. Èmi kọ́ ni irú ọlọ́pàá tí ẹ ń rí lójú títì tó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ìdí káńtà ni mo máa ń wà, èmi àti bírò mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń pè mí ní Mọ́mì Dáyárì, wọ́n rò pé mi ò mọ̀.

Dáyárì tí wọ́n ń wí ni ìwé ńlá orí káńtà tó ń jẹ́ station diary. Kò sí teṣan tí kò sí. Gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láti òwúrọ̀ dé òwúrọ̀ ló yẹ kó wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú aago àti nọ́ńbà: ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, ẹni tí wọ́n mú wọlé àti bí ara rẹ̀ ṣe rí nígbà tó wọlé, ẹni tó gba béèlì, ọlọ́pàá tó jáde, ìbọn tó gbé jáde àti iye ọta inú rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi ìlà kankan sílẹ̀ lófìfo láàárín àkọsílẹ̀ méjì. Ẹni tó bá fi ìlà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, irọ́ tí wọ́n máa pa lóru ló ń tọ́jú àyè fún.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ìwà ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní teṣan, ẹ má wulẹ̀ wo sẹ́ẹ̀lì. Ẹ wo ohun tí kò sí nínú dáyárì.

Ní Ìlọrin tiwa, ọ̀rọ̀ gbèsè ló pọ̀ jù. Ìyá aláta ní Ìpàta gba ọjà àwìn, ata jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹnì kan kó àjọ tán, kò dá a mọ́. Òmíràn yá owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kò rí i san. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó kì í lọ sí kóòtù, ó ní kóòtù ń pẹ́. Ọlọ́pàá tó mọ̀ ló ń lọ bá. Ọlọ́pàá á bá a gba owó rẹ̀, á sì yọ tirẹ̀ nínú ẹ̀. Òfin ọlọ́pàá tí wọ́n ṣe ní 2020 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọdọ̀ tìtorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan mú ẹnikẹ́ni. Òfin kan náà ló ní a kò gbọdọ̀ mú ìyàwó tàbí àbúrò dípò ẹni tí à ń wá. Kò sí ọlọ́pàá tí kò mọ èyí. Wọ́n á kàn pe gbèsè ní jìbìtì lórí ìwé, ó parí.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ọkùnrin náà ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ti dúró dè é. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 35, sọ pé bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré la lè fi dá ènìyàn dúró kí a tó gbé e dé iwájú adájọ́. Níbo ló wà nínú Ìlọrin tó fi kìlómítà 40 jìnnà sí kóòtù? Ṣùgbọ́n kóòtù kì í jókòó ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹni tí wọ́n bá mú ní Jímọ̀ di Mọ́ńdè. Kí Mọ́ńdè tó pé, àwọn ẹbí rẹ̀ á ti ta ohun tí wọ́n máa tà. Bí orúkọ rẹ̀ bá wọ dáyárì ní Jímọ̀, ẹnikẹ́ni lè ṣírò ọjọ́. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í fẹ́ kọ ọ́.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó tutù ná,” ni ìnsípẹ́kítọ̀ kan máa ń sọ fún mi, á sì gbé fìlà rẹ̀ lé orí ìwé náà. Òun ló ń mú owó wọlé fún àwọn tó wà lókè, ohun tí àwa ọlọ́pàá ń pè ní returns, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bá a wí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú: teṣan tí mo ń sọ yìí, ìjọba kì í fún wa ní owó pépà. Ẹni tó wá fẹjọ́ sùn ló ń ra pépà tí a fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, òun náà ló ń ra epo ọkọ̀ tí a máa fi lọ mú ẹni tó fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, abẹ́ ìwé náà gan-an ni ẹni tó ń gba owó béèlì jókòó sí. Láti orí pépà àti epo ni owó ti di àṣà, títí tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ parí sí mọ́.

Mo máa ń gbé fìlà rẹ̀ kúrò, mo máa ń kọ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbé mi lọ sí Kosubosu ní Bàrùtẹ́n, lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ Benin. Lẹ́tà ìṣípòpadà kì í sọ pé ìyà ni. Ẹni tó kọ òtítọ́, lẹ́tà kan náà ni wọ́n ń fún un àti ẹni tó lu ènìyàn ní àlùbolẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò, mo rí bí wọ́n ṣe fọ fáìlì ìnsípẹ́kítọ̀ ọ̀hún. Ó wá ọ̀gá wẹ́dà kan tó jẹ owó ẹgbẹ́, kò bá a nílé, ó bá mú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà ní òun ò mọ ibi tí ọ̀gá òun wà. Ìnsípẹ́kítọ̀ fọ́ ọ létí tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta wàrà ní Ọjà Ọba, kì í ṣe ẹni tí ń jà, ṣùgbọ́n ó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, ó gba ìwé dókítà, ọmọ àdúgbò kan tó wà ní yunifásítì sì bá a kọ lẹ́tà sí Kọmíṣọ́nnà. Lẹ́tà náà múná. Wọ́n fún ìnsípẹ́kítọ̀ ní kúẹ́rì, wọ́n sì dá ọjọ́ orderly room fún un.

Orderly room ni kóòtù àwa ọlọ́pàá. Ẹni tó ṣẹ̀ á bọ́ fìlà àti bẹ́líìtì, wọ́n á fi “left, right” mú un wọlé síwájú ọ̀gá tó ń gbẹ́jọ́, wọ́n á ka ẹ̀sùn sí i létí. Inú ìwé ìlànà ọlọ́pàá ti 1968 ni àwọn ẹ̀sùn náà wà: gbígba rìbá, irọ́, àìgbọràn, lílo agbára láìtọ́, kódà sísọ ìsọkúsọ sí ará ìlú jẹ́ ẹ̀sùn. Ìyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbáwí, ó dé orí yíyọ okùn apá, ó sì dé orí lílé. Lórí ìwé, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni ẹsẹ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, bí ẹni tó fẹjọ́ sùn kò bá sì yọjú, ẹjọ́ ti wó nìyẹn.

Ìyàwó ìnsípẹ́kítọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìyá oníwàrà, ó ní òun ò ní wọlé, òun ò ní mu omi. Ó ní bí wọ́n bá lé bàbá ọmọ yìí, kí ni òun máa fi bọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, àfáà àdúgbò dé. Ó rán ìyá létí pé ẹni tó bá dárí jini, ẹ̀san rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Lẹ́yìn àfáà, ẹni tó ni ilé tí ìnsípẹ́kítọ̀ ń gbé dé, ó gbé ìrẹsì lọ́wọ́. Nígbà tí ìyá ò tíì gbà, Alángùá, olórí àdúgbò, fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè é.

Ìyá oníwàrà nìkan ló dá wá sí teṣan láti wá já ọwọ́ ẹjọ́. Mo fún un ní àga.

“Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ jáwọ́ ni, àbí wọ́n dẹ́rù bà yín?”

“Kò sẹ́ni tó dẹ́rù bà mí, ọmọ mi. Bí wọ́n bá dẹ́rù bà mí ni, ǹ bá bá wọn fà á. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ mí. Alángùá ní kí n jẹ́ kó tán, kí n ní rárá? Ta ló máa bá mi sin òkú lọ́la?”

Mo bi í nípa etí ọmọ náà. Ó ní kò gbọ́ràn dáadáa ní apá ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́ pé olùpẹ̀jọ́ kò ṣe ẹjọ́ mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, nítorí ohun tó sọ náà nìyẹn. Ní ọjọ́ orderly room, ẹlẹ́rìí ò wá, wọ́n pa ẹjọ́ dé. Kò sí ìbáwí, kò sí ìkìlọ̀, nǹkan kan ò wọ fáìlì. Kí oṣù tó parí, wọ́n gbé ìnsípẹ́kítọ̀ lọ sí ìlú kan ní gúúsù Kwara, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀gá teṣan tó gbà á níbẹ̀, kí ni ó máa rí? Ìwé ìgbéga, ìwé ìsinmi, fọ́tò.

Àwọn àgbà ní ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó lè tú ìlú ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n lù ni wọ́n ń bẹ. Mi ò bínú sí ìyá yẹn, mi ò tilẹ̀ bínú sí ìyàwó tó kúnlẹ̀, ojú ebi ló ń wò. Àwọn àgbà tó mọ̀ pé etí ọmọ ti bàjẹ́, tí wọn ò ní kí ìnsípẹ́kítọ̀ ó kéré tán sanwó dókítà, àwọn ni mi ò tíì dárí jì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ ni pé ẹ̀bẹ̀ wà nínú òfin pẹ̀lú. Abala 35 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìparí rẹ̀ sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú tàbí tì mọ́lé láìbófinmu ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ tó mú un. Ìjọba ló yẹ kó wá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìyá yẹn. Mi ò rí i rí.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹ̀bẹ̀ ń ká. Ìwé ìlànà 1968 yẹn kan náà ló sọ nígbà náà pé ọlọ́pàá obìnrin tí kò tíì lọ́kọ, bó bá lóyún, kí wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Ní oṣù Kìíní 2021, wọ́n yọ kọ́púrà obìnrin kan ní Èkìtì lórí èyí, gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́. Nígbà tí mo gbọ́, mo rántí gbogbo ọkùnrin tí mo ti di fáìlì wọn. Oyún kò ṣeé fi fìlà bò bí dáyárì, fáìlì obìnrin ló ń yára dọ̀tí.

Lókè náà, bákan náà ni. Tafa Balogun, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Ìgbómìnà bíi tèmi, ló di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ní 2002. Inú wa dùn ní ilé. Ní 2005 ó gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi lórí ọ̀rọ̀ owó, wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó ń fi fáìlì ìdọ̀tí di Inspector General. Gbogbo àkàbà tó gùn dé ibẹ̀, ẹnì kan ló buwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan á ní kí wọ́n ṣáà máa lé àwọn ọlọ́pàá tó ṣẹ̀. Wọ́n ń lé wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2018, àwọn adigunjalè wọ Ọ̀fà, teṣan ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ kọlù kí wọ́n tó kọjú sí àwọn báńkì. Ènìyàn tó lé ní 30 ló kú, ọlọ́pàá mẹ́sàn-án wà nínú wọn. Nínú àwọn tí ọlọ́pàá sọ pé wọ́n ṣáájú ìjà náà, ọ̀kan jẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ti lé, ó sì kú sí àhámọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dá ẹjọ́ ikú fún àwọn márùn-ún. Mo máa ń rò ó bóyá ẹni tí wọ́n bá bá wí nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lórí ìgbátí máa dé ibi tí wọ́n ti ń lé e. A ń fi ẹ̀bẹ̀ gbé wọn kọjá gbogbo ibi tí ìyà kékeré wà, títí tí a fi dé ibi tí kò sí nǹkan mìíràn ju kí a já aṣọ lọ́rùn wọn, kí a sì tú wọn sí ìgboro pẹ̀lú gbogbo ohun tí a ti kọ́ wọn nípa ìbọn.

Ohun kan ṣoṣo tí mo rí tí ẹ̀bẹ̀ ò ká ni kíka orí. Òfin 2020 ní kí ọ̀gá teṣan máa kọ orúkọ àwọn tó mú láìsí ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí májísíréètì lóṣooṣù, kí májísíréètì náà sì máa wá wo teṣan. Lẹ́yìn tí mo ti Bàrùtẹ́n dé, ọ̀kan wá sí ibi tí mo wà, obìnrin ni. Kò bá ẹnikẹ́ni pariwo. Ó ní kí n gbé dáyárì wá, ó kà á, ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì. Ìwé ní ènìyàn mẹ́rin. Orí méje ló kà. Ó bi ọ̀gá wa pé àwọn mẹ́ta yòókù ńkọ́, ṣé àlejò ni wọ́n? Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ sílé wọn, kò sì sí ẹni tó rójú gba owó béèlì lọ́wọ́ wọn. Kì í wá lóṣooṣù bí òfin ṣe wí, mi ò ní tan yín. Nígbà tí ọkùnrin kan tí wọ́n tìtorí gbèsè mú wá kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá ní Ìlọrin ní oṣù Kejìlá 2024, tí gbogbo ìlú ń bú, mo ti fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè tèmi ni pé aago mélòó ni wọ́n kọ pé ó wọlé, àti pé ta ló ka orí ní oṣù yẹn?

Mo ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n kọ ọ́, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Kọ́púrà kan gbà mí gbọ́. Ọ̀dọ̀ ìnsípẹ́kítọ̀ tí mo ń sọ yìí ni wọ́n gbé e lọ, ní gúúsù Kwara níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ mú ọkùnrin kan wọlé tí ojú rẹ̀ ti wú. Ọmọ náà kọ ọ́: aago, orúkọ, ojú tó wú, ìhà tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ọ̀gá dúró tì í, kò lè kọ ẹni tó mú un wá. Ọkùnrin náà dákú ní òwúrọ̀, Ọlọ́run yọ ọ́, ó yè. Ẹbí rẹ̀ ní lọ́yà ní Ìlọrin. Lọ́yà béèrè dáyárì, orúkọ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló sì bá lójú ìwé náà: ti kọ́púrà tó kọ ọ́.

Òun ni wọ́n mú wọ orderly room. Ìnsípẹ́kítọ̀ wá jẹ́rìí ta kò ó, ó ní òun ti lọ sílé ní òru yẹn. Kò sẹ́ni tó bá ọmọ náà bẹ ẹnikẹ́ni, àpọ́n ni, kò ní ìyàwó tó máa pọn ọmọ kúnlẹ̀. Wọ́n lé e.

Èmi ni mo jókòó tì í tó fi kọ ìwé ìpẹ̀bẹ̀ sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Àbújá, Police Service Commission, àwọn tí òfin fún lágbára lórí ìgbanisíṣẹ́, ìgbéga àti ìbáwí gbogbo ọlọ́pàá àyàfi ọ̀gá àgbà pátápátá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Nígbà tí wọ́n dáhùn, wọ́n dá a padà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ okùn rẹ̀, ó padà di kọ́ńsítébù. Kí ìwé náà tó dé, ìnsípẹ́kítọ̀ ti gba ìgbéga, ó ti di ASP (Assistant Superintendent of Police), ipò tó ga ju ìnsípẹ́kítọ̀ lọ. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀, Kọmíṣọ́nnà ìpínlẹ̀ ò lè dá a lé mọ́, Àbújá ni ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé.

Láti ìgbà yẹn, mo yí ohun tí mo ń kọ́ wọn padà. Kọ aago, kọ ojú tó wú, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó mú un wá ni kí o kọ́kọ́ kọ, kí o sì fi orúkọ ẹni tó ní kí o tì í mọ́lé tẹ̀ lé e, kí o tó fọwọ́ sí tìrẹ. Ẹ̀yin ará ìlú náà, bí ẹ bá wá béèlì ẹnì kan, ẹ béèrè nọ́ńbà àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú dáyárì kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Bí wọn ò bá rí nọ́ńbà fún yín, ẹ pe lọ́yà níwájú wọn.

Ọmọ náà ti gba okùn kan padà báyìí. Owó oṣù gbogbo ìgbà tó fi wà nílé ni wọn ò tíì san. Ó mú lẹ́tà tó kọ lórí rẹ̀ wá hàn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní lẹ́tà dára, kó lọ fi orúkọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ sí i.